Igi Pákí Tí Bàbá Rosaline Tò Sétí Ọ̀nà

Ẹ bá mi gbọ́. Obìnrin mélòó ni ọkọ rẹ̀ ti bá lọ síbi ìdáná, tí wọ́n ti gbé oúnjẹ síwájú, tí àwọn àna ti jókòó, tí ọkọ sì dìde wọ ẹ̀yìnkùlé onílé lọ, tó lọ ń ṣí abẹ́ ewé ilá wò? Èmi Salome ni. Ọdún 1964 ni, ìdáná àbúrò mi ọkùnrin, nílé àwọn àna tuntun ní Èrúwà. Nígbà tí mo wá a kàn, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú agbádá, ó ní kí n wá wo nǹkan, pé kòkòrò wínníwínní ti kún abẹ́ ewé náà, òun ló ń jẹ́ kó máa ká kò. Mo ní Bàbá Rosaline, ẹ dákun, wọ́n ń retí yín. Ó ní òun ń bọ̀. Kò bọ̀ o. Ó tún ránṣẹ́ pe ìyá ìyàwó, ó ní kí wọ́n bá òun po omi ọṣẹ. Ìyá ìyàwó tó ti wé gèlè, ló wá ń po omi ọṣẹ lọ́jọ́ ìdáná ọmọ rẹ̀, nítorí ilá.

Zachariah Akínladé ni orúkọ ọkọ mi yìí. Ìdèrè níbí ni wọ́n bí i sí. Àgbẹ̀ tó ń bọ Ògún ni bàbá rẹ̀, ó sì kú nígbà tí Zachariah ṣì wà ní kíláàsì kẹrin. Ìyá rẹ̀ ló fi láfún rán an nílé ìwé. Àríkẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni èmi ìyàwó ilé tí n ó máa pe ìyá ọkọ mi ní Àríkẹ́? Ìyá ni mo ń pè wọ́n. Kò sẹ́ni tí kò mọ apá ibi tí Ìyá ń sá láfún sí lórí àpáta lẹ́yìn ìlú, nítorí pé láfún tiwọn kì í ní iyanrìn, kì í sì í rùn. Owó láfún yẹn ló gbé ọkọ mi dé ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó lo ọdún méjì níbẹ̀. Nígbà tó padà dé lọ́dún 1962, ìjọba ti fún un ní kẹ̀kẹ́, ṣòkòtò kákí méjì, páńpù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn, àti dígí kékeré kan tó ń sọ nǹkan tín-ín-rín di ńlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti oko dé oko, láti Ìdèrè dé Igbó-Ọrà dé Èrúwà, kó máa wo ohun tó ń ṣe irè oko, kó sì sọ fún olóko ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Àgíríìkì ni gbogbo ayé ń pè é.

Mi ò ní purọ́, ó mọ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá mú ewé wá fún un, kò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Yóò yí abẹ́ rẹ̀ sókè, yóò gbé dígí sí i, yóò ní kí ẹ wò ó pẹ̀lú òun. Bí ó bá jẹ́ pé etí ewé ló jẹ wọ́nwọ́n, tata ni, yóò sì ní kí ẹ lọ gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ igbó etí oko yín nígbà òjò, kí ẹ hú ẹyin tata síta kí oòrùn pa á, kí ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀rùn tí yóò ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí ewé bá pọ́n bí ẹni tí eruku bò, tó sì jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Bí ewé pákí bá lọ́ tó sì ń ya àwọ̀ yẹ́lò mọ́ àwọ̀ ewé, kò sí oògùn, inú igi tí ẹ gbìn ni àrùn ti wá, ẹ má gé igi gbìn níbẹ̀ mọ́. Àwa yòókù máa ń sọ pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, a ó sì máa wo aládùúgbò lójú. Ní ti Bàbá Rosaline, ẹ̀fọ́ gan-an ló ń sọ, kòkòrò gan-an ló sì ń wá.

Àwọn tó ń sọ ọ́ fún ni kì í gbọ́. Olúwa mi! Ẹnì kan da kẹrosíìnì sídìí ata nítorí pé àgíríìkì ní kí ó fi eérú wọ́n ọn, ó ní eérú kò lágbára tó. Ẹnì kan mú ewúrẹ́ tó ń yàgbẹ́ wá fún un láago mẹ́fà àárọ̀. Ṣàngódèyí tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà wá ṣe èyí tó burú jù. Wọ́n ní kó hú ẹyin tata, ó hú u lóòótọ́, ó bu agbọ̀n kan gbáko, ó sì gbé e wá dà sí ẹ̀gbẹ́ ààlà tiwa. Ó ní ohun tí wọ́n wí ni pé kí òun kó o kúrò lóko òun, òun sì ti kó o. Ọkọ mi bá a jà títí ohùn fi há a. Lọ́jọ́ kejì, mo bá àwọn méjèèjì lábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ iṣu sísun pọ̀.

Èmi ńkọ́? Ìwé orin mi nílé ìsìn, ewé tí àrùn mú ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣí ìgò tí mo rò pé iyọ̀ ni, tata ló fò jáde. Bí Rosaline ọmọ wa bá ní ibà, èmi ni mo máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbó-Ọrà, bí ewé kan bá sì rọ lóko ẹnì kan, ọkọ mi kò ní sùn. Mo ti bi í rí pé ṣé kí n lọ hu ewé ni kó tó lè yẹ̀ mí wò. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí di ọdún 1973, tí àrùn kan dé sára pákí. Òjò ti rọ̀ dáadáa, pákí gbogbo ti yọ ewé, ló bá di pé lójijì ewé ń rọ, ó ń rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Tó bá pẹ́ díẹ̀, orí igi á gbẹ, ewé á re dànù, igi á dúró lásán. Oko tí ẹ rí lónìí tó tutù yọ̀yọ̀, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ máa bú sẹ́kún. Ẹ sì mọ̀ pé ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ẹni tí kò bá ní pákí, kò ní láfún, ẹni tí kò bá sì ní láfún, kí ló fẹ́ rò fún ọmọ jẹ?

Oníkálukú wá ń sọ tiẹ̀. Àwọn kan ní àjílẹ̀ òyìnbó ló fà á, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò da àjílẹ̀ òyìnbó sóko rí láyé wọn. Àwọn kan ní ọkọ̀ òfuurufú ni. Ṣàngódèyí ní ṣé ẹ ò rí i pé jíjó ló jó ni, òun tóun ń bọ Ṣàngó, tí bàbá òun bọ Ṣàngó, bí òun ò bá mọ ibi tí iná Ṣàngó bá fọwọ́ kàn, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ọkọ mi dúró ń bá a ṣàríyànjiyàn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Mo ní kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú, Bàbá Rosaline? Ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó já ewé kan, ó gbé e sókè kó dojú kọ oòrùn, ó ní kí n wò ó. Mo rí àwọn àmì kéékèèké tó ní igun, tó dà bí ibi tí omi ti wọ̀, láàárín iṣan ewé. Ó fi ọ̀bẹ la igi náà, inú rẹ̀ ti ní ìlà pupa ràkọ̀ràkọ̀. Oje kan sì ń yọ lára ọ̀mùnú igi, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó ní iná Ṣàngó kì í yọ oje.

Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n gbé Láńdírófà wá, wọ́n wò ó, ohun kan náà tí ọkọ mi sọ ni wọ́n sọ. Kò sí oògùn. Inú igi ni àrùn náà ń gbé, òjò ń tàn án láti ara igi kan sí èkejì, àdá tí wọ́n fi gé èyí tó ṣàìsàn ń gbé e lọ sára èyí tó yè. Kí a fà á tu, kí a sun ún, kí a má gbìn nínú rẹ̀, kí a wá igi tí kò lárùn gbìn. Ó parí. Wọ́n wọ Láńdírófà wọn, ó di Ìbàdàn.

Ó dùn-ún sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ará ibí mọ bí igi pákí ṣe rí láàárín wa. A kì í ta á. A kì í sì í fi du ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá wú pákí tán, yóò gé igi rẹ̀, yóò re ewé kúrò, yóò dì í ní ìdì ìdì, yóò tò ó sétí ọ̀nà, ẹni tó bá sì fẹ́ gbìn, kó gbé. Kò ní tọrọ. Tí wọ́n bá pàdé nígbà mìíràn, yóò dúpẹ́. Ẹni tó bá fi igi pákí du ẹlòmíràn, ahun ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì dé etí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, láti Ìdèrè dé Igbó-Ọrà ni wọ́n ti máa ń wá gba igi lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n bá tún pàdé lójú ọ̀nà oko, wọ́n á gé e fún un. Ọkọ mi ní àṣà yìí gan-an ni ẹsẹ̀ tí àrùn náà fi ń rìn.

Nígbà tí oṣù kẹfà fi máa parí, oko kan ṣoṣo ló kù tí àrùn kò tíì dé, oko Ìyá. Ẹ̀yìn àpáta ló wà, igbó yí i ká, irínwó ebè. Gbogbo òwúrọ̀ ni ọkọ mi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ kó tó lọ sí ibi iṣẹ́. Ó ní bí oko yẹn bá fi lè yè di ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo Ìdèrè máa rí igi tó mọ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá yè, ó parí nìyẹn, kò sí èyí tó mọ́ mọ́ nítòsí. Ìyá náà kò sì ní ohun mìíràn tí wọn yóò fi jẹun. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó wà ní Abẹ́òkúta ti ń sọ pé kí wọ́n wá máa bá òun gbé, Ìyá sì ti búra pé bí kò bá ṣe pé wọ́n gbé òkú òun, òun ò ní kúrò ní Ìdèrè. Ọkọ mi kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi àdá rẹ̀ wọ oko náà, kí wọ́n má sì gba igi ẹlòmíràn wọbẹ̀. Wọ́n ní òun gbọ́.

Ó wá ku oko tiwa. Àrùn ti mú un. Ọkọ mi ní òun kò lè máa sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fa tiwọn tu, kí tòun wà nílẹ̀. Ó fà á tu tán lọ́jọ́ méjì, ara rẹ̀ bó. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, igi tutù kò gba iná. Ni ọkùnrin yìí, tó kàwé, tó ní dígí, bá re gbogbo ewé kúrò, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó wá fi okùn di àwọn igi ní ìdì mọ́kànlélógójì kí ó lè rọrùn láti gbé sínú iná, ó sì tò ó sétí ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ àpáta, kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè é sí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Èrúwà. Nígbà tó ń lọ, ó sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ewúrẹ́ tú ìdì náà ká. Ohun tó sọ nìyẹn. Ewúrẹ́!

Ẹ dá ẹjọ́ náà. Mo mọ̀ pé oko wa ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n re ewé rẹ̀, tí wọ́n dì, tí wọ́n tò sétí ọ̀nà, ṣé igi tí ènìyàn fẹ́ sun nìyẹn? Mo rò pé ó ti ṣa èyí tó dára kúrò nínú èyí tí kò dára ni. Gbogbo ìlú rò bẹ́ẹ̀. Igi pákí àgíríìkì! Wọ́n ń gbé e, wọ́n ń yà nílé wa láti dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún Rosaline. Inú mi dùn, n ò ní parọ́. Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń fi ọkọ mi ṣe ẹlẹ́yà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìyá dé tiwọn, ìdì méjì ló kù tó dára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ṣé kí n dúró kí n máa wo ìyá ọkọ mi? Èmi ni mo ṣa èyí tó nàró fún wọn. Èmi ni mo fi òṣùká sí wọn lórí, tí mo gbé e rù wọ́n.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ kẹrin, ó bá àpáta lásán. Ẹ̀yin, bí mo ṣe gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú ilé, mo rò pé ejò ló bù ú jẹ. Ó ní níbo ni igi òun wà. Mo ní àwọn ènìyàn ti gbé e, wọ́n sì kí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ lérí. Nígbà náà ló wá ṣàlàyé fún mi pé igi tó ṣàìsàn ni gbogbo rẹ̀, òun fẹ́ sun ún ni.

Ó gbé kẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń lọ láti oko dé oko, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń bú, ó ń fa igi tu pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn kan ti gbìn ín. Àwọn kan ní ṣé ó fi fún àwọn tán ni ó tún ń gbà á padà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ ní Ìbàdàn? Ṣàngódèyí gbé iṣu márùn-ún fún un, ó ní òun ò tilẹ̀ mọ bí òun yóò ṣe dúpẹ́, pé òun gbé ìdì mẹ́jọ. Mo rò pé ọkọ mi máa gbá a létí. Kò gbá a. Ó gba iṣu, ó sì fa ìdì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tu. Alaalẹ́ ló ń ka iye tó ti rí. Ó rí mọ́kàndínlógójì. Ìdì méjì kù tí kò mọ ibi tó wọlé sí, kò sì jẹun, kò sì jẹ́ kí n jẹun.

Mo mọ ibi tí ìdì méjì náà wà. Ojoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni ẹnu mi ń wúwo. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí. Mo ti fi ọkọ mi ṣe ẹlẹ́yà títí, mo ti pè é ní ọkọ ewé, wọ́n wá ní kí èmi nìkan bá a ṣọ́ nǹkan. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá Ìyá kò tíì gbìn ín. Mo parọ́ fún ara mi bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ọjọ́ kejìlá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, bí ó ṣe ń wọ bàtà, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá ló gbé méjì tó kù. Èmi ni mo gbé e rù wọ́n."

Mo ń retí kó pariwo. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni mo tò ó sétí ọ̀nà. Ọmọ Ìdèrè ni mí, mo mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Dìde."

A jọ lọ sóko Ìyá ni. A bá wọn lẹ́nu ọ̀nà oko, wọ́n ń ro, wọ́n ń kọrin. Ọkọ mi bi wọ́n pé níbo ni wọ́n gbin igi náà sí. Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọn yóò tọ́ka sí, ká fa ibẹ̀ tu, ká máa lọ. Wọ́n fi ọwọ́ yí gbogbo oko ká. Wọ́n ní ikán ti jẹ àwọn kan láàárín oko, òun sì ti fi igi ọmọ òun dí gbogbo àlàfo, ojú ọgọ́rin. Ó ti ń hù. A lọ wò ó. Ọ̀mùnú rẹ̀ ti yọ, ó ga tó ìka mẹ́ta mẹ́ta, àwọn kan sì ti ń rọ. Ọkọ mi ní ṣebí òun ní kí wọ́n má gba igi ẹlòmíràn. Ìyá ní òun ò gba igi ẹlòmíràn, igi ọmọ òun lòun gbé, tàbí ọmọ òun ti di ẹlòmíràn?

Ó ṣàlàyé fún wọn. Ó ní kì í ṣe ojú ọgọ́rin náà nìkan, àwọn tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká náà ní láti lọ, nítorí òjò ti rọ̀ lé wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìyá ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní àwọn yẹn tutù, ara wọn yá, ẹnì kan kì í fa ohun tó hù tu nígbà tí ebi wà nílùú. Wọ́n ní kí ó lọ fa tirẹ̀ tu, kó fi tòun sílẹ̀. Ọkọ mi tó ti pariwo mọ́ gbogbo Ìbàràpá, kò pariwo mọ́ ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí àárín ebè, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú kákí ìjọba.

Ó ní, "Ìyá, bí ẹ bá fi í sílẹ̀, kò ní ku ẹyọ kan. Mo bẹ̀ yín."

Ìyá wo kákí rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti bò. Wọ́n pè é ní Àkànní, orúkọ tí mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n pè é láti ìgbà tí mo ti wọlé, wọ́n ní kó dìde kí òtútù má baà mú un. Wọ́n yí aṣọ mọ́ ìdí, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fa ti àkọ́kọ́ tu. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a fà á. Èyí tó ṣàìsàn, èyí tó ń dán yinrin tó wà nítòsí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ la fà. Ọkọ mi ń fi omi ọṣẹ fọ àdá lẹ́yìn igi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, ó ku igba ebè ó dín díẹ̀ lẹ́yìn oko. A kó ìyókù jọ, mo sáré relé lọ gbé àtùpà mi, mo da kẹrosíìnì inú rẹ̀ sí i, a ṣáná sí i. Èéfín ló pọ̀ ju iná lọ.

Ibi tí a ti ń fẹ́ ẹ ni Abíọ́nà yọ láti ojú ọ̀nà. Ìyàwó Ògúnwùmí ni, ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, èkejì ń rìn tẹ̀lé e. Àrùn ti jẹ oko ọkọ rẹ̀ tán látìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ó kí wa kú iṣẹ́, ó wo ìdì igi tútù tí a tò ti iná, èyí tó ń dán yinrin, ó sì kúnlẹ̀ fún Ìyá.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìdì kan péré nínú rẹ̀ kí ẹ tó sun ún. Mi ò ní ohun tí n ó gbìn."

Mo wo ọkọ mi. Ó gbé ojú sílẹ̀. Òun tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko bú àwọn ènìyàn káàkiri, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ fún obìnrin yìí kò wá sí i lẹ́nu. Ìyá ló sọ ọ́.

Wọ́n ní, "Rárá, Abíọ́nà. Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Abíọ́nà kò kọ́kọ́ lóye. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré. Nígbà tó rí i pé eré kọ́, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò ní ó dàbọ̀. Ìyá ń wò ó títí ó fi pẹ́kọrọ. Wọ́n wá jókòó lórí òkúta, wọ́n fi etí ìró bo ojú, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun wọ Ìdèrè, òun kò fi igi pákí du ẹnikẹ́ni rí.

Oko náà yè. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́dún 1974, Ìyá gé igi rẹ̀, wọ́n fún gbogbo ẹni tó wá. Ṣàngódèyí wá lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fẹ́ wá lẹ́ẹ̀kẹta kí n tó lé e. Ìyá kò lọ sí Abẹ́òkúta. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ṣé Abíọ́nà ti wá. Mo ní kò tíì wá. Wọ́n fi ìdì méjì tó dára jù pamọ́ sábẹ́ òjìji, wọ́n ń wọ́n omi sí i kó má baà gbẹ.

Nígbà tí òjò kejì rọ̀, tí kò sì wá, Ìyá ní kí n gbé ìdì náà ru òun. Mo ní kí èmi bá wọn gbé e lọ. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ òun ni òun yóò fi lọ. Mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Abíọ́nà ń gúnyán lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá dáadáa, ó gbé àga fún wọn, ó fún wọn lómi mu. Ó ní wọ́n ṣeun púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ti rí igi gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Igbó-Ọrà, àwọn sì ti gbìn ín. Ìyá béèrè pé ṣé igi náà mọ́. Ó ní òun ò mọ̀, pé ẹni náà ṣáà fún òun ni. Ìyá mu omi náà tán, wọ́n dá ife padà, wọ́n sì ní kí n gbé ìdì méjèèjì ru òun padà.